Ìdọ̀tí Ìlọrin Ń Fẹ́ Àrokò Tirẹ̀

Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ wa gbà lọ lọ́sẹ̀ yìí, ìlú Ẹ́míà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara láti 1967. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú la bá lọ, kì í sì í ṣe òde ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni. Ẹ má tíì rojú o. Owó wà nínú ìdọ̀tí, ikú náà wà nínú rẹ̀, ohun tó sì lè ya méjèèjì nípá kò ju àmì kékeré kan lára àpò lọ.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ìlú náà á kọjá Ọ̀tẹ̀, á kọjá Èyénkọ́rìn, kó tó di pé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Odò Asà ló la Ìlọrin sí méjì. Lápá ìwọ̀-oòrùn odò ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí ààfin Ẹ́míà àti Ọjà Ọba gbé wà, tí agboolé so mọ́ agboolé bí ìlẹ̀kẹ̀. Lápá kejì ni ẹ óò ti rí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àti àdúgbò bíi Tankẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin kún fọ́fọ́. Ọdún 1975 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀. Àwọn odò kéékèèké, Àgbá, Alálùbọ́sà, Òkun, Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀, Àlùkò, gbogbo wọn ń ṣàn wọnú Asà. Asà náà á sì máa bá tirẹ̀ lọ títí omi rẹ̀ fi dé Odò Ọya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, a ó padà dé orí ẹ̀.

Orúkọ ìlú náà gan-an dùn ún gbọ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òkúta kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọdẹ ti ń lọ irin wọn, ìyẹn ló di Ìlọ-irin. Ọ̀bẹ tó kú, àdá tó kú, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á gbé e lé òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́, á tún mú. Ìlú tó ti inú orúkọ rẹ̀ mọ̀ pé ohun tó kú lè jí, ṣebí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́ wa bí a ṣe ń tún nǹkan lò.

ÀWỌN ÌYÁ ỌJÀ TI Ń YÀ Á TIPẸ́

Ẹ bá mi ká lọ sí Ọjà Ọba tàbí Ìpàta ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ wo ìyá tó ń bẹ iṣu. Kò da èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kó o sínú agbọ̀n kan, torí pé ẹni tó ní ewúrẹ́ ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ wo háhá àgbàdo, ẹ wo igi ẹ̀fọ́, ọ̀dọ̀ àgbò ni wọ́n ń lọ. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ń bẹ lọ́rùn alágbàrù, ó ti di àpò èlùbọ́. Agolo mílíìkì ti di òṣùwọ̀n. Inú ìgò tí wọ́n ti mu ohun tó wà nínú rẹ̀ tán ni wọ́n ń kó ẹ̀pà yíyan sí tà. Ní Dada, ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò amọ̀, ìkòkò tó bá fọ́ á di àpáàdì, iṣẹ́ kò tíì tán lára rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé yíya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá kọ́ wa? Ohun tó dé bá wa ni ọ̀rá. Láti bí àwọn ọdún 1990 tí omi inú ọ̀rá, píọ̀ wọ́tà, ti gbòde, nǹkan yí padà. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, 20 ló wà nínú rẹ̀. Bí ilé kan bá ń mu báàgì kan lójúmọ́, ọ̀rá 7,300 nìyẹn lọ́dún kan, láti inú ilé kan ṣoṣo. Ẹ wá ka iye ilé tó wà ní àdúgbò yín.

Ẹ mú ọ̀rá omi kan, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò rí àwòrán ọkùnrin kékeré kan tó ń ju nǹkan sínú agbọ̀n. Àmì nìyẹn. Ó ń sọ fún wa pé ká ju ọ̀rá sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Àmọ́ ta ló ń wò ó? Omi tán, ọ̀rá bọ́ sílẹ̀, ó parí. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ya olórí kunkun. Agbọ̀n tí àwòrán ń sọ ni kò sí nítòsí. Àmì tó bá ń pàṣẹ ohun tí apá ò ká, ojú á mọ̀ ọ́n fò dá.

OMI Ò GBÀGBÉ Ọ̀NÀ

Ibo ni ọ̀rá ń lọ? Inú gọ́tà. Gọ́tà gbé e dé odò kékeré, odò kékeré gbé e dé Asà. Bí ó bá há sábẹ́ afárá, òjò dé, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọ̀nà yẹn sì lè jẹ́ yàrá yín. Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn. Ní August 31, 1980, odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ìlú, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Ní August 26, 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lọ tún ju 100. Òjò ló rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí wà lára ohun tó dí omi lọ́nà.

Àwọn kan á ní pàṣán ló kù. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ bíbí Ìlọrin, ló ṣáájú ogun tí wọ́n gbé ti ìwà kòbákùngbé ní March 1984, èyí tí aráyé ń pè ní WAI. Ní July 1985, wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà yẹn, ẹ rántí: tọmọdé tàgbà ló gbá ilẹ̀, tí wọ́n kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pàṣán lè mú èèyàn gbálẹ̀ ni, kò lè kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe sí ilẹ̀ tó gbá. Wọ́n wà á jọ, wọ́n kó o dà sí ojú kan náà, èèpo iṣu pẹ̀lú béèdì, ọ̀rá pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìjọba yẹn ṣubú ní August 1985, ìgbálẹ̀ rọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin àgbò de Iléyá, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí èèpo iṣu bá dà pọ̀ mọ́ ọ̀rá tí iyọ̀ àti ọbẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹran á jẹ ẹ́. Ọ̀rá kì í dà nínú ẹran. Á kó jọ síbẹ̀, á dí i ní ikùn, ẹran á máa rù, bó bá yá á kú. Ọmọ tó ń ṣa bọ́lá náà ń ti ọwọ́ bọ inú àpò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgò fífọ́ kan péré, ọwọ́ tó fi ń jẹun ti ya. Àwọn tó ń fi iná sun ọ̀rá lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Èéfín dúdú yẹn, májèlé ni, inú àyà àwọn ọmọ wọn ló ń wọ̀.

ÀMÌ TÓ Ń SỌ̀RỌ̀ TÍ ẸNÌKAN Ò GBỌ́

Ẹ yí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì yín sókè. Ẹ óò rí igun mẹ́ta kan, nọ́ńbà kan á wà nínú rẹ̀. Àmì ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn kiri, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Gary Anderson, ló yà á ní 1970, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 23, láti fi wọ ìdíje kan. Ní 1988, ẹgbẹ́ àwọn oníke ní Amẹ́ríkà fi nọ́ńbà 1 dé 7 sínú igun mẹ́ta bẹ́ẹ̀. 1 ni ìgò ike tí omi àti mínírà ń wà nínú rẹ̀. 2 ni ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì líle. 4 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá rírọ̀. 5 ni àpò ìrẹsì tí wọ́n hun. 6 ni ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí tà lẹ́bàá títì.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ irú ike tó jẹ́ ni. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni máa tún un ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá rí ọfà tó ń yí po á rò pé ó ti di àtúnlò nìyẹn. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Jámánì náà. Láti 1991 ni àmì róbótó aláwọ̀ ewé kan ti wà lára ọjà wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà ti dá owó tí wọ́n máa fi kó pàǹtí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà ṣeé tún lò. Ẹ rí i, ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti kàwé náà ń ṣi àmì kà. Àmì tó jẹ́ pé ẹni tó yà á nìkan ló mọ̀ ọ́n, àmì kọ́ nìyẹn, àlọ́ ni.

ÀWỌN BABA WA MỌ ÀMÌ Í PA

Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ń pàrokò. Wọ́n á di nǹkan pọ̀, wọ́n á fi rán ọmọ, ẹni tó gbà á á sì mọ ohun tí wọ́n wí. Bí àgbẹ̀ bá kó igi jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tó sì so ààlè mọ́ ọn, ì báà jẹ́ àkísà, ì báà jẹ́ ìkarahun ìgbín, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ̀ pé ó ní olóhun. Ẹ wo garéèjì lónìí: àpò ẹ̀wà 50 wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìyá mẹ́jọ ló ni wọ́n. Ìyá kan fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì sára tirẹ̀, èkejì so aṣọ aláró mọ́ ọn lọ́rùn. Kò sí ìwé kíkà níbẹ̀, ẹrù kì í sì í sọnù.

Ìdìbò náà ńkọ́? Ní 1979, àwọn tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ló tẹ̀ka fún iná tọ́ọ̀ṣì UPN, tàbí fún ilé àti àgbàdo NPN. Lóde òní, ta ni kò mọ ẹgbẹ́ onígbàálẹ̀ àti ẹgbẹ́ alágboòrùn? Bí àwòrán bá jẹ́ ti nǹkan tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ó ti wọlé sọ́kàn nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé Ìlọrin kì í ṣe ìlú èdè kan. Yorùbá wà níbẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀, Haúsá, Nupé, Bàrùbá, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Bàbá kan lè ka kéwú láàárọ̀ dalẹ́, kó má sì mọ ABD. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè mọ ABD, kó má lè ka kéwú tó bàbá. Ìyá tó ń dáná nínú ilé náà lè má ka ìkankan. Bí ẹ bá wá kọ Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ gbọọrọ sára àpò ìdọ̀tí, ta lẹ kọ ọ́ fún?

BÍ ÀPÒ ṢE YẸ KÓ RÍ

Ìmọ̀ràn tèmi rèé, ẹ gbà á yẹ̀ wò. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni ká lò, àwọn mẹ́ta tí ìyá àgbà ń pè láì ronú: dúdú, funfun, pupa. Ẹ má wulẹ̀ ra báàgì tuntun, àpò ìrẹsì àtijọ́ ti tó.

Dúdú ni ti ilẹ̀ àti ti ẹran. Èèpo iṣu, èèpo gbágùúdá, háhá àgbàdo, ewé mọ́ínmọ́ín. Èyí tí ẹran bá lè jẹ, kó jẹ ẹ́. Èyí tí kò bá jẹ, ẹ rì í mọ́lẹ̀ kó jẹrà, á di ilẹ̀dú fún ẹ̀fọ́ yín.

Funfun ni ti títà. Ìgò ike, ọ̀rá omi, agolo, páálí. Kó gbẹ, kó má ní ọbẹ̀ lára. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n á fọ ìgò ike, wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ́ ọ, á di òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Ọ̀rá tó bá mọ́ á di kóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n á tún fi ṣe ike mìíràn. Bí epo àti ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ á lọ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n má tiẹ̀ rà á rárá. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé yíyọ́ agolo mínírà àtijọ́ rọrùn. Iná tó ń gbà kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí wọ́n fi ń ṣe irú irin funfun bẹ́ẹ̀ láti inú òkúta ilẹ̀.

Pupa ni ti ewu. Abẹ́rẹ́, béèdì, ìgò fífọ́. Èyí ò gbọdọ̀ wọ inú àpò rárá, torí á lu àpò. Inú kẹ́ẹ̀gì líle ni kó wà, kẹ́ ẹ kùn ún ní pupa, kẹ́ ẹ dé e. Bátìrì tó ti kú náà, ẹ fún un ní agolo pupa tirẹ̀.

Pámpáàsì àti ìyókù ńkọ́? Àpò tí kò ní àmì ni tiwọn, àkìtàn ló ń gbà wọ́n. Ẹni tí nǹkan kan bá rú lójú, kó jù ú síbẹ̀. Ó sàn kí ike kan ṣòfò ju kí pámpáàsì kan ba odindi àpò funfun jẹ́.

Àmì náà wá ńkọ́? Ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ sáìn-bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n gé àwòrán sára páálí líle, kí wọ́n fi ọ̀dà gba inú rẹ̀ kọjá sára àpò. Bébà tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn, òjò kan ló máa bó o. Kí àwòrán tó ọwọ́ tí a là. Kó wà níwájú, kó wà lẹ́yìn, kó sún mọ́ ẹnu àpò, torí ẹnu ni ojú ń wò nígbà tí ọwọ́ fẹ́ ju nǹkan sí i. Àwòrán kan sí mẹ́ta ti tó. Ọ̀rọ̀ méjì lábẹ́ rẹ̀ náà ti tó: “TI ẸRAN”, “TI TÍTÀ”, “Ó Ń GÉNI”. Ẹ má ya nǹkan kẹ́ ẹ wá fa ìlà àgbélébùú kọjá lórí rẹ̀ láti fi sọ pé kò gbọ̀dọ̀ wọbẹ̀. Ẹlòmíràn á rò pé ibẹ̀ gan-an lẹ ní kóun jù ú sí.

Ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan o. Àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ lára òmíràn. Gbogbo wa náà ò sì rí àwọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pàrokò. Ẹ so ọ̀rá omi kan tó mọ́ mọ́ ẹnu àpò funfun. Ẹ so háhá àgbàdo mọ́ ti dúdú. Bí òkùnkùn ṣú, ọwọ́ á kà á.

Kẹ́ ẹ tó kun àpò tó pọ̀, ẹ dán an wò. Ẹ pe ìyá àgbà kan àti ọmọ ọdún mẹ́fà kan. Ẹ kó nǹkan mẹ́wàá fún wọn, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n pín in. Bí àwọn méjèèjì bá ṣi nǹkan kan náà gbé, ẹ má bínú sí wọn. Àwòrán ló ṣìnà, kì í ṣe àwọn. Ẹ lọ tún un yà.

BÍ WỌ́N BÁ LỌ DÀ Á PỌ̀ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu yín. “A yà á tán, ọkọ̀ dé, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ dà sínú ọkọ̀ kan náà.” Òótọ́ ni. Àpótí irin ńlá tó wà lẹ́bàá títì kò ní yàrá mẹ́ta nínú. Ọjọ́ tí ìyàwó ilé bá sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n da iṣẹ́ òun pọ̀, ọjọ́ náà ló ń ṣíwọ́, kò sí àmì tó lè bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà. Ẹ rántí ìgò mínírà onígíláàsì. Ta ló kọ àmì sí i lára pé kẹ́ ẹ dá a padà? Owó ìgò ló ń dá a padà. Léèkó, Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní 2012. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni wọ́n gùn wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ̀. Wọ́n ń wọn ohun tí ìdílé bá yà sọ́tọ̀, wọ́n ń kọ máàkì fún un, máàkì sì ń di ẹ̀bùn. Ní Kamikatsu, ìlú kékeré kan ní Japan tó kéde ní 2003 pé òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìdọ̀tí sísun àti rírì mọ́lẹ̀, ọ̀nà 45 ni wọ́n ti ya nǹkan sí rí. Àwa ò bẹ yín ní 45. Mẹ́ta péré ni.

Agboolé àtijọ́ ní Ìlọrin rọrùn fún irú ètò yìí: ẹnu ọ̀nà kan, ìyá àgbà kan tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Kí àwọn ìyá ọjà náà pé jọ ní ìsọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n ní àpò funfun kan. Kí wọ́n pe ọmọ bọ́lá tó ń kọjá, kí wọ́n dúnàádúrà ọjọ́ tí yóò máa wá kó o. Òun náà á yọ̀, torí kò ní fọwọ́ bọ inú ẹrẹ̀ àti ìgò fífọ́ mọ́ kó tó jẹun. Bí ìjọba bá rí i pé ọjà mẹ́ta mẹ́rin ti ń ṣe é, á wá rí ìdí tó fi yẹ kí ọkọ̀ rẹ̀ náà ní yàrá.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Àpò dúdú àti funfun kò le ní yíyà. Èyí tó le ni ti pámpáàsì: irú àwòrán wo lẹ rò pé ó yẹ ká fi sọ fún ọmọdé àti àgbà pé kò gbọdọ̀ wọ inú àpò títà? Ẹ yà á ránṣẹ́, ì báà ṣe ẹ̀ẹ́dú lẹ fi yà á. Èyí tí ìyá àgbà bá kọ́kọ́ mọ̀ láì bèèrè ni a ó tẹ̀ jáde.